Ìjàpá, Erin àti Ìkòkò Ẹ̀wà Inú Kúlà

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje ni mo rí ìwé náà nínú báàgì àwọn ìbejì mi. Wọ́n ti ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, súùtì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Táíwò ló máa ṣe Ìjàpá, Kẹ́hìndé ló máa ṣe Erin, nínú eré tí kíláàsì wọn fẹ́ ṣe lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún: ìtàn bí Ìjàpá ṣe tan Erin wọ̀lú pé wọ́n fẹ́ fi jọba, tí Erin fi jìn sí kòtò. Kí òbí kálukú wá aṣọ eré ọmọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Ẹni tó bá bí ìbejì ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé. Kò sí ohun tí à ń rà lẹ́yọ kan nílé wa. Mo pe obìnrin kan tó máa ń yá èèyàn láṣọ eré, ó ní ₦15,000 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan ṣoṣo, kí n sì dá a padà láìsí àbàwọ́n lára rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ló máa wọ̀ ọ́ o, níbi tí wọ́n á ti máa pín ìrẹsì ọlọ́bẹ̀! Mo ní ẹ ṣeun mà, mo gbé fóònù kalẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí n ráhùn díẹ̀ kí n sì san án. Àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ láti Òjòó dé Sẹkitéríàtì ní Agodi, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ti yí ìṣirò mi padà pátápátá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mò ń jáde nílé. Tí mo bá padà dé láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo ní láti dáná, kí n wo iṣẹ́ àṣetiléwá, kí n fọ aṣọ iléèwé. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe láti kékeré. Owó ló kọ́ mi.

Mo wo igbá ẹ̀yìn Ìjàpá tí mo fẹ́ ṣe, mo sì wo bàsíà ìfọṣọ mi. Ìwọ̀n wọn dọ́gba. Mo da bàsíà délẹ̀, mo ya ìwé ìròyìn àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n ìka méjì méjì, mo sì po láfún. Omi tútù la kọ́kọ́ fi ń pò ó kó má baà ní kókó, lẹ́yìn náà la ó da omi gbígbóná sí i, tí a ó máa rò ó lórí iná títí tó fi máa dà bí ògì tí kò ki jù. Ẹ ti ìwé bọ inú rẹ̀, ẹ fi ìka méjì fún èyí tó pọ̀ jù kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí bàsíà, ẹ sì fi òmíràn dábùú rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin fi láfún pa irun ara rẹ̀, ó ní òun ń fi rìláásà na irun.

Ìpele márùn-ún la tẹ́. Inú mi dùn. Nígbà tó gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ bàsíà bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Mo fà á, ó ya. Mo rẹ ẹ́ sómi, ó di ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé bàsíà náà, tàbí kí n fi omi lásán lẹ ìpele àkọ́kọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan àti bọ́ńdù ìwé ìròyìn kan ló bá a lọ.

A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo wé ọ̀rá ìrajà ńlá mọ́ bàsíà. Ṣùgbọ́n oṣù Keje ni, òjò Ìbàdàn kò dá lójúmọ́, oòrùn kì í yọ ju wákàtí kan lọ. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná níbi tí ooru ti ń fẹ́ sí i, mo lọ sùn. Lówùúrọ̀, eku ti jẹ ihò tí ọwọ́ mi lè wọ̀ sí i létí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé láti Abẹ́òkúta. Màmá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ feku, ẹ wá ń bínú pé ó jẹun?" Ìyá tó bí wọn, aláró ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá náà ń ṣe: wọ́n máa ń se láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àrà sára aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bá sì bò, aró kò ní mú un. Lára àrà tí wọ́n máa ń yà lèyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn wà, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tò sínú rẹ̀. Láfún tí mo fi ń ṣe Ìjàpá yìí náà ni. Màmá ní kí n fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, mo fi sí i. Mo tún fi okùn gbé igbá Ìjàpá kọ́ sórí ìṣó lókè. Eku kò débẹ̀ mọ́, mo sì jẹ́ kí Màmá máa gba ògo gbogbo rẹ̀.

Ihò tí eku jẹ, a fi ìwé lẹ̀ ẹ́. Táíwò kò jẹ́ kí n fi ọ̀dà bò ó. Ó ní ṣé ẹ̀yìn Ìjàpá kì í ṣe ẹ̀yìn alápàpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, pé ó já bọ́ látòkè wá, wọ́n sì to èèpo rẹ̀ pọ̀. Mi ò lè bá a jiyàn. A gún èédú, a pò ó mọ́ láfún tó ṣẹ́kù, ó di dúdú dáadáa, òun la fi fa ìlà àlà tó wà láàárín èèpo kan sí ìkejì. Ọ̀dà ilẹ̀kùn tó kù lọ́wọ́ akunlé àdúgbò la fi kun ìyókù. Okùn báàgì iléèwé tó ti ya ni mo gán mọ́ ọn nínú, tí Táíwò fi gbé e kọ́ ẹ̀yìn.

Ti Erin rọrùn díẹ̀. Ṣòkòtò eérú kan wà nínú àpótí bàbá wọn, mi ò rí i kó wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìdòwú. Mo gé ẹsẹ̀ kan, mo rán ẹnu rẹ̀ pọ̀, mo ki àjákù aṣọ sínú rẹ̀, mo sì fi wáyà ìfaṣọkọ́ kan sáàárín kó lè ká kọrọdọ bí ọwọ́ jà erin. Ẹsẹ̀ kejì ni mo fi bo páálí tí mo gé sí etí. Mo rán gbogbo rẹ̀ mọ́ fìlà onígèrè kan. Nígbà tí Kẹ́hìndé dé e, ọwọ́ jà náà wúwo, fìlà ṣubú bo ojú rẹ̀. Mo rán òkúta kékeré méjì sẹ́yìn fìlà, mo so rọ́bà mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó bá dọ́gba.

Lọ́jọ́ eré, nígbà tí Erin ń jó bọ̀ lórí ìtàgé pé òun fẹ́ jọba, ọkọ mi rọra fẹnu sí mi létí. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni. Ó ní, "Ṣé ṣòkòtò mi kọ́ nìyẹn?"

Gbogbo owó tí mo ná sórí àwọn méjèèjì kò tó ₦3,000. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á ní mo gbayì. Mo kàn fi kún un ni pé òru mẹ́rin gbáko ni mo sùn lẹ́yìn aago méjìlá, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí mi ò bá ka ìyẹn mọ́ owó, mò ń tan ara mi ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ ara mi kí n tó sọ pé màá fọwọ́ ara mi ṣe nǹkan: ta ló máa ṣe é, ìgbà wo sì ni? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "èmi nìkan, lálẹ́", owó ni màá wá.

Ògì ló kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ti máa ń gbọ́ ọ pé ògì táa bá ṣe nílé máa ń dín ìnáwó kù. Mo ra àgbàdo, mo rẹ ẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀, mo rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, mo dúró lórí ìlà, mo gbé e bọ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo ń fi aṣọ asẹ́ jọ̀ ọ́ títí ìbàdí mi fi ń kérora. Èérí rẹ̀ kún abọ́, mi ò sì ní ewúrẹ́ tó máa jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ṣírò owó àgbàdo, owó ẹ̀rọ àti omi tí mo rà lọ́wọ́ alágbàrù, ológì mi ní Bódìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ta tiẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ń ṣe tirẹ̀ lọ́pọ̀, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ èérí. Mo padà lọ bá a pẹ̀lú ìtìjú. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ó padà wá. Gbogbo yín lẹ máa ń padà wá."

Ìkejì ni aró. Lẹ́yìn ìtàn Màmá, orí mi wú, mo ní èmi àtàwọn ọmọ máa rẹ àdìrẹ fúnra wa nílé. Àwọn ọmọ di ẹ̀wà àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ, wọ́n fi òwú so ó, ìyẹn sì dára, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n aró òde òní, kọ́ọ̀sítìkì sódà ni wọ́n fi ń pò ó. Ó ta sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó bó mi lára. Ìdòwú sì wà ní ìgbésẹ̀ méjì sí mi. Mo da gbogbo rẹ̀ nù ní wéré. Ní báyìí, àwọn ọmọ á so aṣọ nílé, tí a bá ń lọ kí Màmá ní Abẹ́òkúta, a ó gbé e lọ fún aláró ní Ìtòkú kó bá wa rẹ ẹ́. Owó rírẹ nìkan là ń san. Táíwò fẹ́ràn òṣù bàm̀bà, ìyẹn àrà olóbìrí ńlá, torí òkúta kan ṣoṣo ló máa ń so, ó ti tán. Ọmọ ọlọ́gbọ́n.

Àjákù aṣọ tí mo ń sọ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé kó tó gbá ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń kó o sínú sáàkì, wọ́n á sun ún. Mo ti fi ṣe tìmùtìmù, ìgbékòkò, ọmọláńgidi fún Ìdòwú. Mo tún fi ọdún kan gbáko rán aṣọ ìbora kan, oríṣiríṣi àwọ̀, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko. Lọ́jọ́ tí mo sá a, bàbá arúgbó ilé kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, eégún ta ló ń jáde lọ́dún yìí?" Mo ti ń ká a sínú yàrá láti ìgbà náà.

Ibi tí mo ti jèrè jù lọ, ilé ìdáná ni, ẹ̀wà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì ti wọ́n, ẹ̀wà olóyin sì máa ń jókòó lórí iná bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo ń ro ó lọ́jọ́ kan níbi òde ìgbéyàwó kan tí mo bá wọn bu oúnjẹ. Alásè ibẹ̀ kó ìrẹsì sínú kúlà nígbà tí kò tíì rọ̀ tán. Mo ní, "Àǹtí, ó ṣì le o." Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé á parí iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú ibẹ̀. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ti rọ̀ dáadáa. Mo dúró síbẹ̀, mo ní: bí ìrẹsì bá lè ṣe é, kí ló ń ṣe ẹ̀wà?

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́, mo máa ń da omi yẹn nù láàárọ̀. Màá gbé e kaná pẹ̀lú omi tó bò ó dáadáa, kó hó gidi, kó hó pàgàpàgà fún ogún ìṣẹ́jú. Mi ò tíì ní fi iyọ̀ sí i. Màá ká tówẹ̀lì sísàlẹ̀ kúlà kí ìdí ìkòkò má baà yọ́ ọ, màá gbé ìkòkò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, màá fi ìró àtijọ́ wé e yíká, màá dé kúlà pa. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ti rọ̀. Màá wá gbé e padà sórí iná kó hó lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti epo. Ìkòkò gbọ́dọ̀ kún dáadáa. Ẹ̀wà díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá máa ń tètè tutù. Ẹ má sì ṣí i wò! Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí i, bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun lójú oorun. Gbogbo ooru jáde, ẹ̀wà le koko, búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Sìlíńdà gáàsì mi tó máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin báyìí. Ọkọ mi, tí kò gbà á gbọ́, ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ báyìí bí ẹni pé òun ló ronú kàn án.

Ti ata kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà mi ò lè sọ pé mò ń to ọbẹ̀ oṣù kan sínú fírísà. Sátidé ni mò ń lọ ata, mò ń bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi gbẹ, mò ń dín in títí òróró fi léfòó, màá sì máa mú un gbóná láràárọ̀. Ó máa ń tó wa dé Ọjọ́bọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní Ẹ̀bólà tòmátì, ni mo ti ń fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà ṣe èyí tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi nígbà tí tòmátì bá gbówó lórí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ń lọ kárọ́ọ̀tì mọ́ tirẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan.

Mọ́ínmọ́ín ni iṣẹ́ àjọṣe wa. Ẹni tó bá dá nìkan bó ẹ̀wà kóńgò kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òun kò ní jẹ mọ́ínmọ́ín mọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ mẹ́ta bá jókòó yí bàsíà ká (bàsíà Ìjàpá náà ni), tí wọ́n ń fọwọ́ ra á, tí èèpo ń léfòó, wọn kì í mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Wọ́n máa ń du ẹni tó máa da èèpo nù. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́ jù nínú omi kẹ́ ẹ tó bó o. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

Ewé eéran ni mo ń lò. Ọ̀rá rọrùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá kò ní òórùn kankan, ó dà bí ẹni tó wẹ̀ tí kò fi ọṣẹ. Màá ṣẹ́ igi ewé náà, màá tò ó sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi má baà kan mọ́ínmọ́ín. Ewé méjì lẹ máa gbé léra wọn, ẹ ká a bí àrọ, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ bù ú sí i, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé. Kẹ́hìndé ti mọ̀ ọ́n. Ti Táíwò máa ń jò. Mo máa ń kó tirẹ̀ sókè pátápátá, a sì máa ń mọ̀ ọ́n lórí tábìlì: èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà yẹn ni. Òun náà ló máa ń jẹ ẹ́. Ó ní èyí dùn jù.

Ìgbà kan wà tí mo ń fẹ́ kí ohun gbogbo rí bíi ti ẹni tó ń tà á. Mo ti ya ìdàjọ́ yẹn sọ́tọ̀. Nígbà tí Táíwò ń kúnlẹ̀ lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn ló rí àkọlé ìwé ìròyìn kan ketekete nínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó tẹ̀ síwájú: ọ̀rọ̀ ìdìbò ni. Àwọn òbí tó wà níwájú kà á jáde. Ìyẹn ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín ju gbogbo ọgbọ́n Ìjàpá lọ, Táíwò sì rò pé òun ló mọ eré ṣe. Mi ò tíì sọ fún un.

Igbá náà ṣì wà lórí ìṣó. Ìdòwú máa ń ní ká gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún òun, á wọ abẹ́ rẹ̀, á ní òun ti sá wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé mìíràn jáde látinú báàgì, ti Ìdòwú lọ́tẹ̀ yìí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra bí iṣẹ́ tó wù ú láti ṣe. Ó ní dókítà lòun. Sítẹ́tósíkóòpù kò ṣòro: ìdérí ike méjì àti okùn ọ̀rá. Kóòtù funfun ló kù. Mo ti rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan nínú àpótí bàbá wọn, apá gígùn, kọ́là rẹ̀ ti ń ṣá díẹ̀. Mo ti fi síṣọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń dúró kó kọ́kọ́ jáde nílé ná.